Owó Iṣẹ́ àti Ìwé Àdéhùn: Fún Alámọ̀ràn Ìkówójọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dá Dúró

"A ò lówó lọ́wọ́ báyìí o, àmọ́ ẹ bá wa wá owó náà. Iye yòówù tó bá wọlé, ìdá 10 nínú 100 rẹ̀, tiyín ni."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, tó ní òun fẹ́ máa gba àwọn àjọ aláàánú nímọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe lè kó owó jọ, tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí oṣù mélòó kan tó kọjá. Ẹni tó ń sọ ọ́ ò ní ibi lọ́kàn. Lójú tirẹ̀, bí owó bá wọlé, gbogbo wa á jọ jẹ ńbẹ̀. Bí kò bá wọlé, kò sẹ́ni tó jẹ gbèsè. Ẹni tó sì ń gbọ́ ọ, tó ń fojú méjèèjì wá oníbàárà àkọ́kọ́, lè máa dúpẹ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí, torí ẹni tó bá lóye ìdí tí kò fi yẹ kí èèyàn gba irú owó yìí ti mọ ohun tó pọ̀ jù nínú bí wọ́n ṣe ń bu owó lé iṣẹ́ náà àti bí wọ́n ṣe ń kọ àdéhùn rẹ̀.

Kí lẹ̀ ń tà gan-an? Ẹ̀ ń yẹ ìwé àjọ wò kẹ́ ẹ lè mọ àwọn tó ti ń dáwó fún un tẹ́lẹ̀ àti àwọn tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ ń kọ ìwé ìbéèrè gíráǹtì, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí ìjọba tàbí àjọ ńlá máa ń fúnni fún iṣẹ́ kan pàtó. Ẹ̀ ń kọ́ ìgbìmọ̀ olùdarí bí wọ́n ṣe ń la ẹnu béèrè owó láìtijú. Ẹ̀ ń to ètò ìkówójọ ọdún. Ìmọ̀ ni, àkókò ni, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ìpinnu láti fúnni wà lọ́wọ́ ẹni tó lówó. Olùkọ́ tó múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò ń gba owó ẹ̀kọ́. Kì í dúró dìgbà tí ọmọ náà bá ríṣẹ́ kó tó wá bá a pín nínú owó oṣù rẹ̀.

Ohun tó burú nínú gbígba ìdá

Ẹ fi ara yín sípò ẹni tó dáwó. Ó gbọ́ pé àwọn ọmọ kan ò rí ìwé kà, ó mú 1,000 nínú owó rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ra ìwé fún wọn. Tó bá wá gbọ́ lọ́jọ́ iwájú pé 100 nínú rẹ̀ ti bọ́ sápò ẹnì kan tí wọn ò dárúkọ fún òun rí, ńṣe ló máa gbà pé wọ́n tan òun. Ó lè má mọ̀ yín rárá. Àjọ ló máa bínú sí, kò sì ní dáwó fún wọn mọ́. Owó iṣẹ́ tó ti wà nínú ètò ìnáwó ọdún, tí ìgbìmọ̀ jókòó sí tí wọ́n sì fọwọ́ sí, ṣeé ṣàlàyé fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́. Èyí tí wọ́n gé lára ẹ̀bùn rẹ̀ ò ṣeé ṣàlàyé.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀bùn ńlá kì í dédé bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹni tó fi owó gọbọi sílẹ̀ lóṣù yìí, bóyá ó ti tó ọdún mẹ́ta tí akọ̀wé àjọ ti ń kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí i, tí ọ̀gá àgbà ń pè é wá wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, ẹ̀yin kọ́ lẹ sì da omi yẹn. Báwo wá ni ìdá 10 ṣe di tiyín? Ẹ tún yí i po: iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe lọ́dún yìí lè má sèso títí di ọdún méjì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lọ, nígbà tí kò ní sẹ́ni tó máa rántí yín. Nígbà míì, ìdá máa fún yín ní ohun tẹ́ ẹ ò ṣiṣẹ́ fún. Nígbà míì, á jẹ yín níyà. Kò sígbà tó ń san iye tí iṣẹ́ yín tó gan-an.

Èyí tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ohun tó ń ṣe sí ọkàn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí màmá àgbàlagbà kan bá fọwọ́ sí sọ̀wédowó lẹ máa rí owó ilé san, ẹ máa fúngun mọ́ màmá náà, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí. Alámọ̀ràn rere gbọ́dọ̀ lè wo ojú oníbàárà rẹ̀ kó sọ pé, "Ẹ má tíì béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni yìí, ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni." Ó ṣòro kí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu ẹni tó ń dúró de ìdá.

Ẹgbẹ́ Association of Fundraising Professionals, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1960, ti kọ èyí sínú ìlànà ìwà ọmọ ẹgbẹ́ wọn: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gba owó iṣẹ́ tí wọ́n ṣírò lórí ìdá nínú owó tó wọlé, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ gba owó torí pé ó júwe ẹni tó lówó fún àjọ. Wọ́n fàyè gba ẹ̀bùn àfikún fún iṣẹ́ tó dára, bó bá jẹ́ pé bí àjọ náà ṣe ń ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, tí wọn ò sì ṣírò rẹ̀ lórí ìdá. Ìlànà ẹgbẹ́ nìyẹn o, ẹ má pè é ní òfin ìjọba. Ní Amẹ́ríkà kan náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé irú òfin tó fẹ́ fi gbèdéke sí iye tó ń bá ìkówójọ lọ, lọ́dún 1980, lọ́dún 1984 àti lọ́dún 1988, torí wọ́n ní títọrọ owó fún iṣẹ́ àánú wà lára òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Nítorí náà, ẹni tó ń gba ìdá lè má rúfin. Síbẹ̀, àjọ tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń sá fún un.

Ọ̀rọ̀ gíráǹtì ló tún jẹ́ kí ìdá ṣòro jù. Owó gíráǹtì máa ń ní ojú tí wọ́n là á sí: èyí fún owó òṣìṣẹ́, èyí fún ọkọ̀, èyí fún oògùn. Owó gíráǹtì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, kò ṣeé ná sórí ìkówójọ. Bí àjọ bá wá ṣèlérí ìdá 10 nínú irú owó bẹ́ẹ̀ fún yín, níbo ni wọ́n ti fẹ́ mú un jáde? Àfi kí wọ́n purọ́ nínú ìṣirò wọn, ẹ̀yin lẹ sì máa wà nídìí irọ́ náà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ iye tẹ́ ẹ máa pè

Ẹni tó ti iṣẹ́ oṣù bọ̀ máa ń ṣe àṣìṣe kan tí ojú rẹ̀ kì í tètè là sí. Á mú owó tó ń gbà lọ́dún, á pín in sí iye ọjọ́ iṣẹ́, á sì ní iye tí òun á máa gbà lójúmọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye tí mo máa lò, owó ilẹ̀ yòówù kẹ́ ẹ máa ná.

Ọdún ní ọjọ́ 365. Ẹ yọ òpin ọ̀sẹ̀ kúrò, ó ku 261. Ẹ yọ ìsinmi, àjọ̀dún àti ọjọ́ tí ara ò bá yá, ká pè é ní 36, ó ku 225. Nínú 225 yìí, nǹkan bí ìdajì ló máa lọ sórí ohun tẹ́nikẹ́ni ò ní sanwó rẹ̀ fún yín: wíwá oníbàárà, ìpàdé tí kò di iṣẹ́, kíkọ àbá, ṣíṣe ìwé owó, kíkọ́ nǹkan tuntun. Ká sọ pé ọjọ́ 110 ló kù tẹ́ ẹ lè tà. Bó bá jẹ́ pé 44,000 lẹ nílò lọ́dún, pẹ̀lú owó orí, ìbánigbófò, kọ̀ǹpútà, àti owó tẹ́ ẹ̀ ń fi pa mọ́ de ọjọ́ ogbó, iye ọjọ́ kan jẹ́ 400. Ẹni tó pín 44,000 sí 261 máa rí nǹkan bí 169. Tó bá wá ń pe ara rẹ̀ ní 170 lójúmọ́, ọjọ́ 110 náà ló ṣì máa rí tà, ọdún á sì parí pẹ̀lú 18,700 lọ́wọ́ rẹ̀. Á ti rẹ̀ ẹ́, á ti jẹ gbèsè, á sì máa rò pé iṣẹ́ náà ò dáa, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ló gbé e ṣubú.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti mọ iye ọjọ́ kan, ó ku bẹ́ ẹ ṣe máa béèrè rẹ̀. Ẹ lè máa ka wákàtí, ẹ lè máa ka ọjọ́, ẹ lè dá iye kan lé odindi iṣẹ́, ẹ sì lè máa gba iye kan lóṣooṣù. Èmi ò fẹ́ràn wákàtí. Bí ọwọ́ yín ṣe ń yá sí i, bẹ́ẹ̀ ni owó yín á máa dín kù, oníbàárà ò sì ní fẹ́ pè yín lórí fóònù torí ó ń bẹ̀rù aago. Ọjọ́ dára fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìpàdé ìgbìmọ̀.

Fún iṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ní òpin, ẹ dá iye kan lé e. Ẹ mú ìwé ìbéèrè gíráǹtì kan: kíka ìlànà onígíráǹtì, ọjọ́ 1, jíjókòó pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ àjọ, ọjọ́ 1, kíkó ìwé jọ, ọjọ́ kan àtààbọ̀, kíkọ ọ́, ọjọ́ 4, ètò ìnáwó rẹ̀, ọjọ́ 1, àtúnṣe, ọjọ́ 2, fífi ránṣẹ́, ìdajì ọjọ́. Ọjọ́ 11 nìyẹn, 4,400. Ẹ fi ìdá 20 nínú 100 kún un fún ìdádúró, torí ìdádúró ò lè ṣàì wà, ó di 5,280. Iye yẹn ni kí oníbàárà rí. Kò pọn dandan kó rí ìṣirò inú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin ẹ tọ́jú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa kọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lò ní ti gidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ mẹ́rin márùn-ún, ìwé kékeré yẹn á kọ́ yín ju ẹnikẹ́ni lọ.

Owó oṣooṣù bá àjọ tó fẹ́ yín nítòsí fún ọ̀pọ̀ oṣù mu. Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ o. Bẹ́ ò bá kọ iye ọjọ́ tí owó náà wà fún, ọjọ́ mẹ́rin lóṣù á di mẹ́jọ, ẹ̀yin náà ò sì ní mọ ìgbà tó yí padà. Ẹ kọ ọ́: ọjọ́ 4 lóṣù, ọjọ́ tí wọn ò bá lò kì í kọjá oṣù tó tẹ̀ lé e, èyí tó bá lé sì ní owó tirẹ̀.

Ìwé àdéhùn

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Iṣẹ́ tí ìwé àdéhùn wà fún nìyẹn, kò túmọ̀ sí pé ẹ ò fọkàn tán ara yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin Charities Act ọdún 1992 sọ pé ẹni tó bá ń gbowó láti bá àjọ aláàánú tọrọ owó gbọ́dọ̀ ní àdéhùn àkọsílẹ̀ pẹ̀lú wọn, ìlànà ọdún 1994 sì sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tó ń ṣe àdéhùn, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, iye àkókò tó máa lò, bí wọ́n ṣe lè fòpin sí i tàbí kí wọ́n yí i padà, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà ṣe é, pẹ̀lú owó tí akówójọ máa gbà. Ibi yòówù kẹ́ ẹ wà, egungun àdéhùn tó dára nìyẹn.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun. Òfin ọ̀pọ̀ ibi ya ẹni tó ń gba àjọ nímọ̀ràn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń fẹnu ara rẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ aráàlú, tàbí tí owó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni kejì yìí gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n sì lè ní kó fi owó ìdúró (bond) sílẹ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú bó bá ṣe màgòmágó. Ti alámọ̀ràn máa ń fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kì í ṣe pé wọn kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òun náà níbi gbogbo. Ẹ béèrè òfin tó wà níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ ò ní gba owó olùtọrẹ sọ́wọ́, tààrà sí àkáǹtì àjọ ni yóò lọ. Gbólóhùn kan yìí á gbà yín lọ́wọ́ wàhálà tó pọ̀.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ jù ni ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. "Alámọ̀ràn yóò ran àjọ lọ́wọ́ lórí ìkówójọ": kòtò ni gbólóhùn yìí. Oníbàárà máa gbọ́ ọ sí pé ẹ máa kọ gíráǹtì, ẹ máa ṣètò àsè ìkówójọ, ẹ máa bójú tó Facebook. Ẹ wo bó ṣe yẹ kó rí: "Alámọ̀ràn yóò kọ ìwé ìbéèrè gíráǹtì kan ṣoṣo, sí onígíráǹtì tí a dárúkọ sísàlẹ̀. Yóò fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìparí. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kó àtúnṣe gbogbo àjọ jọ tí yóò sì fi ránṣẹ́. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì ló wà nínú owó yìí." Bó bá jẹ́ ìwádìí ṣáájú ètò ìkówójọ ńlá ni, ẹ kọ iye èèyàn tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀, torí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni 20 àti ẹni 40 jẹ́ odindi oṣù kan.

Ẹ kọ ojúṣe tiwọn náà. Ìwé ìṣirò owó, ìwé ìforúkọsílẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀: ọjọ́ wo ni wọ́n máa fi ránṣẹ́? Bí wọn ò bá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa parí iṣẹ́ á sún síwájú, bí ọjọ́ onígíráǹtì bá sì kọjá, owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe kò sọnù. Ta ló ń tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn láti fi ìwé náà ránṣẹ́? Tiwọn ni kó jẹ́, torí àwọn ló ń jẹ́rìí sí i pé òótọ́ ni ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní ti sísan owó, ẹ gba ìdá kan nínú mẹ́ta kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nígbà tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ bá dé ọwọ́ wọn, ìyókù nígbà tẹ́ ẹ bá fi iṣẹ́ tó parí lé wọn lọ́wọ́. Ẹ má ṣe so èyí tó kẹ́yìn mọ́ ọjọ́ tí gíráǹtì bá wọlé. Ńṣe ni ìyẹn dà bí ìdá tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹ kọ iye ọjọ́ tí wọ́n ní láti sanwó lẹ́yìn tí ínfọ́ìsì, ìwé tẹ́ ẹ fi ń béèrè owó iṣẹ́, bá dé, kẹ́ ẹ sì sọ pé iṣẹ́ á dúró bí owó bá pẹ́ jù. Owó ọkọ̀, ìtẹ̀wé àti ibùsùn yàtọ̀ sí owó iṣẹ́. Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ lè ná láìkọ́kọ́ béèrè.

Ẹ kọ ọ́ ketekete pé ẹ ò ṣèlérí iye kankan. Bí oníbàárà bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i pé 200,000 máa wọlé, ẹ má fọwọ́ sí i. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣèlérí ni ohun tó wà lọ́wọ́ yín: ìwé márùn-ún láàárín oṣù mẹ́fà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì fún ìgbìmọ̀, àkọsílẹ̀ àwọn tó yẹ kí wọ́n lọ bá.

Orúkọ àwọn olùtọrẹ jẹ́ ti àjọ. Ẹ ò gbọdọ̀ kó o lọ sọ́dọ̀ oníbàárà míì, ìlànà ẹgbẹ́ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà sọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn èèyàn fún àjọ tó wà ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin GDPR, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa àwọn èèyàn, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní May 25, 2018, sọ pé àdéhùn àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ di tiwọn lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó tán, kì í ṣe ṣáájú. Ọ̀nà ìjáde náà ṣe pàtàkì: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fòpin sí i pẹ̀lú ìwé tó fún ẹnì kejì ní ọjọ́ 30, kí wọ́n sì san owó gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe títí di ọjọ́ náà. Kí ẹni tó máa fọwọ́ sí i jẹ́ ẹni tí àjọ fún láṣẹ, kì í kàn ṣe ọ̀rẹ́ yín tó pè yín wá. Ẹ sanwó fún lọ́yà lẹ́ẹ̀kan péré kó yẹ ìwé tẹ́ ẹ máa máa lò wò. Ẹ ò ní máa san án lórí gbogbo iṣẹ́.

Bí wọ́n bá ní ó wọ́n

Ẹ má dín owó kù, iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ dín kù. Bí 5,280 bá pọ̀ jù fún wọn, ẹ lè ní kí wọ́n kọ ìwé náà fúnra wọn, kẹ́ ẹ̀yin yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ sì tọ́ wọn sọ́nà, ọjọ́ mẹ́ta, 1,200. Bó bá jẹ́ àjọ tẹ́ ẹ fẹ́ràn tọkàntọkàn lẹ sì fẹ́ ràn lọ́wọ́, kó hàn nínú ínfọ́ìsì: iye iṣẹ́ 1,200, ẹ̀dínwó 400, ẹ san 800. Ìgbà yẹn ni wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀bùn ni. Bẹ́ ẹ bá kàn pè é ní 800, iye yín nìyẹn títí láé, wọ́n á sì sọ ọ́ fún ẹlòmíì.

Ẹni tó pè yín pẹ̀lú ìdá 10 rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣe jẹ́ kójú tì í. Ẹ fèsì lọ́jọ́ kejì, lórí ímeèlì, báyìí:

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fọkàn tán mi. Mi ò lè gba ìdá nínú owó tí àwọn èèyàn bá dá, torí ìlànà iṣẹ́ wa ò fàyè gbà á, kò sì ní dáa lójú àwọn tó ń ràn yín lọ́wọ́. Ohun tí mo lè ṣe nìyí: ọjọ́ méjì ni màá fi yẹ ìwé yín wò, màá sì sọ ibi mẹ́ta tí owó ti lè tètè wá fún yín. 800 ni, ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ máa mọ̀ bóyá ẹ ṣì nílò mi. Àdéhùn ojú ìwé méjì wà nínú èyí. Ẹ kà á pẹ̀lú ìgbìmọ̀ yín, kẹ́ ẹ sì pè mí lórí ibi tí kò bá yé yín."